Gbúre Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Mo jowú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara mi. Mo jowú obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí, mo jowú ẹ̀fọ́ inú àpò ìrẹsì, mo jowú orí òrùlé ilé tí kì í ṣe tèmi, tí kì í sì í ṣe tirẹ̀ náà. Owú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin ni ilé tí à ń gbé ní Maiduguri, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Galtimari. Fúláàtì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé ibẹ̀ láti Ọ̀ṣun, èmi náà sì rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà. Àwa la wà lókè pátápátá, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, torí kò sí páànù lórí ilé náà. Kọnkéré pẹrẹsẹ ni wọ́n dà sí i lórí, tí gbogbo ayálégbé ń pè ní dẹ́kìnì. Ibẹ̀ la ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ náà ni táǹkì omi wà. Bí ènìyàn bá ń rìn lórí dẹ́kìnì, àwa tí a wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa ń gbọ́ ọ.

Lọ́dún tí ìyá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé wọn ní abúlé, tí kò sí ẹni tó rí wọn títí oòrùn fi kan àtàrí, èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ní. Èmi àbígbẹ̀yìn ni mo wọkọ̀ lọ gbé wọn. Mo fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi máa ti jẹ adùn ọjọ́ alẹ́ wọn. Mo ra bẹ́ẹ̀dì, mo ra fáànù tó ń lo bátìrì, mo ra bàtà rọ́bà tí kì í yọ̀.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ìyá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń roko, wọn ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti wà nídìí fèrèsé, tí wọ́n á máa wo páànù orí ilé onílé àti igi dóńgóyárò tí eruku ti bò. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibi tí mo fi wọ́n sí náà ni mo máa bá wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ilé yín dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé." Báàgì wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oṣù kan lọ, oṣù méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, wọn ò tú u. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè, ohun kan náà ló máa ń bi mí, pé ṣé ara Màmá ti wá balẹ̀ àbí kí òun wá mú wọn padà sílé. Ilé òfìfo ni wọ́n máa padà sí o, ilé tí ènìyàn ti lè ṣubú kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo gbìyànjú. Mo ra òdòdó. Bẹ́ẹ̀ ni, òdòdó, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo kó ìkòkò mẹ́fà sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé wọn gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sí bàkónì. Ìyá mi wò wọ́n. Wọ́n fọwọ́ kan ewé kan, wọ́n ní, "Ó dára. Ṣé jíjẹ ni?" Mo ní rárá, wíwò ni. Wọ́n ní, "Ó dára náà," wọ́n sì padà sídìí fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ooru oṣù kẹrin ti sun gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Ìgbà yẹn ni mo ronú kan dẹ́kìnì. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ ilé, ẹni tí onílé fi gbogbo nǹkan lé lọ́wọ́. Háúsá mi kò ju ti ọjà lọ, èló ni, ẹ bá mi dín in kù. Háúsá ọjà yẹn náà ni mo fi sọ fún un pé mo fẹ́ gbin nǹkan sókè. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó mi orí, ó ní omi máa jò sínú ilé, ọ̀rọ̀ tán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin àjà kejì lọ bá bàbá yìí kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń dá gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin àwọn òbí náà sí. Ilé tirẹ̀ àti tiwa nìkan ni ilé Yorùbá nínú fúláàtì mẹ́jọ yẹn. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò já geere, àmọ́ bó bá gbé Háúsá, ẹ ó fẹ́ jókòó gbọ́ ọ. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ina kwana, ina gajiya, yaya iyali. Ó kí bàbá, ó kí ìyàwó bàbá, ó kí ọmọ, ó kù díẹ̀ kó kí ewúrẹ́. Kó tó kí i tán, bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dárúkọ dẹ́kìnì, bàbá ní babu damuwa, kò séwu. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tó sọ fún mi pé omi máa jò ló fi èjìká ara rẹ̀ ru yẹ̀pẹ̀ gun òkè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wò ó bó ṣe ń rù ú kọjá.

Ó mọ iṣẹ́ náà ṣe, mi ò lè jà á níyàn. Ó ní kí wọ́n bá òun fi ayùn la táǹkì omi kan tó ti fọ́ sí méjì, ó tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ wọn kí omi má baà jò, ó wá kó yẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù kún inú wọn. Ó to àpò ìrẹsì tó rọ yẹ̀pẹ̀ sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́ sórí gbogbo rẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Omi tí a bá fi ṣan aṣọ ló fi ń wọ́n ọn. Tòmátì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìṣápá, tẹ̀tẹ̀ àti ilá kún un. Ṣé mo fẹ́ kó kùnà? Mo fẹ́ kó kùnà. Láràárọ̀ tí mo bá lọ sá aṣọ, mo máa ń yọjú wò ó bóyá ó ti rọ. Kò rọ. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, orí dẹ́kìnì ti tutù yọ̀yọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣì gbẹ bí àkàrà àná.

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò bá ìyá mi nídìí fèrèsé. Mo wọ yàrá, mo wo bàkónì, mo sáré dé ìsàlẹ̀, mo tún sáré gòkè. Orí dẹ́kìnì ni mo ti rí wọn. Obìnrin yẹn ti wá kan ilẹ̀kùn láti sọ pé ká má bínú sí ariwo ẹsẹ̀ òun lókè, ló bá fi bẹ́ẹ̀ mú wọn lọ wo oko rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yẹ̀pẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé wọn dé. Wọ́n tú kókó etí ìró wọn, wọ́n da irúgbìn gbúre sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, wọ́n ní, "Eléyìí dùn ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ ò ní i níhìn-ín." Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nǹkan bí oṣù méjì ni ìyá mi fi so irúgbìn gbúre mọ́ etí aṣọ, nínú ilé mi, wọn ò sọ fún mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ obìnrin yìí, wọ́n ti tú u fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pàdánù wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n ti gòkè. Wọ́n tú báàgì wọn, wọ́n ní àwọn ń wá aṣọ iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aráalé yòókù náà á gbé ẹní wá sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn láti gba afẹ́fẹ́, wọ́n á po tíì, gbogbo wọn ń pe ìyá mi ní Kaka, ìyẹn ìyá àgbà. Lọ́jọ́ kan mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi pé ó dàbọ̀ o, ìyá mi tí wọn ò kọjá Ìlọrin rí kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ mi dá mi lóhùn ní Háúsá pé sai an jima, ó dìgbà o. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé obìnrin yìí kò mọ ẹ̀yin. "O ti jẹun, Màmá?" "Màmá, o wá wo ilá yìí." Ó ń fi ìwọ pe ìyá tó bí mi. Èmi tí mi ò pe ìyá mi ní ìwọ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní mo máa bá a wí, ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ẹnu rẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n." Mo gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n mi pè, mo sọ fún un pé ara Màmá ti balẹ̀ wàyí. Ó ní, "O ṣeun gan-an, o káre." Mo gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi, kò dùn lẹ́nu mi. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Èmi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ní orogún nítorí ìyá rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Mo ní kí n gòkè lọ bá wọn bomi rin nǹkan, kí èmi náà fi ara hàn lọ́mọ. Ìyá mi gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi ní ká má bomi sí i lọ́sàn-án."

Mo ní, "Ọmọ yín wo?"

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì." Wọ́n sì ń ṣa kòkòrò lára ilá lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti iléèwé dé. Obìnrin náà wà níbi iṣẹ́, ìyá mi dùbúlẹ̀. Mo gòkè lọ ká aṣọ. Gbúre ìyá mi ti gba ìdajì táǹkì, ewé rẹ̀ ń dán. Mo fa ọ̀kan tu. Mo kàn fẹ́ wò ó ni, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo fa èkejì. Gbúre kì í kú bí ènìyàn bá rẹ́ ẹ, ńṣe ló máa ń rú padà, èmi ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fà á tegbò tigaga. Mo fà á kún apá kan, mo jù ú kọjá ògiri sí ẹ̀yìn ilé, ewúrẹ́ sì sáré dé. Ara tù mí. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ara tù mí.

Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Nọ́ọ̀sì dúró lórí yẹ̀pẹ̀ tó ṣófo, ó ní, "Tsuntsaye ne. Ẹyẹ ni, àbí?" Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní ó lè jẹ́ ẹyẹ, ó lè jẹ́ eku, eku pọ̀ nínú ìlú yìí. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde. Ìyá mi fi ọwọ́ tẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n tún gbin òmíràn sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo gbé aṣọ gòkè, mo sì rí nǹkan kan tó ń fì lókè gbúre náà. Wọ́n ti ri igi kan mọ́ yẹ̀pẹ̀, wọ́n so ṣúkù àgbàdo kan, àjákù ìgbálẹ̀ àti àkísà dúdú kan mọ́ ọn. Ààlè ni. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀bá oko nílẹ̀ wa mọ ohun tó ń wí: ìwọ tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tìrẹ, kí ayé rẹ dà bí ṣúkù tí kò ní hóró lára mọ́, kí a gbá ọ dànù, kí o di àkísà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ń kọjá lára oko tí wọ́n pààlè sí, ẹ̀yìn ni mo máa ń kó ọwọ́ mi sí.

Ẹ̀rù bà mí. Àwọn aráalé yòókù kò mọ̀ ọ́n, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n pè é, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti sá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ sórí igi náà. Nínú fúláàtì mẹ́jọ, ta ló lè ka ààlè? Ilé Yorùbá méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ni oko kò ní pààlè de ara rẹ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì pa á dè. Ìbẹ̀rù mi wá di ìbínú. Òótọ́ ni pé èmi ni olè ọ̀hún, ṣùgbọ́n ta lòun tó fi máa fi àṣà ilẹ̀ wa, tí kò mọ èdè rẹ̀ sọ dáadáa, pè mí lólè? Mo da aṣọ sílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ dé àjà kejì, mo gbá ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àárẹ̀ wà lójú rẹ̀. Mo ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi pààlè dè mí?"

Ó ní, "Àǹtí, mene ne ààlè? Kí ni ìyẹn?"

Mo ní kó má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo ní ṣúkù, mo ní ìgbálẹ̀, mo ní àkísà.

"Èyí tó wà lókè yẹn?" Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Màmá ló so ó. Mo bi í pé ṣé ti ẹyẹ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ẹyẹ kan ni, ó ní ó tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ burúkú." Ó wá fara balẹ̀ wò mí. "Ṣé kò dára ni? Kí n lọ tú u? Àǹtí, o kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi kú kó tó kọ́ mi ní irú nǹkan báyìí."

Mo ní kó má tú u. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, kó lọ sinmi. Àtẹ̀gùn àjà méjì péré ló kù kí n dé ilé mi, ṣùgbọ́n mo jókòó lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀.

Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ń ṣa irúgbìn lórí àwo. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pààlè yẹn."

Wọ́n ní, "Èmi ni."

"Èmi lẹ pa á dè."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n kà nínú ilé yìí?" Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní oorun kọ́ làwọn ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn. Wọ́n ní orí àwọn ni mo rìn kọjá, wọ́n sì mọ ìró ẹsẹ̀ mi láti ìgbà tí mo ti ń tàgé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ti dàgbà, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí n máa bá ọ wí bí ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá? Kí n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìwọ ni?"

Mo ti ń sunkún nígbà náà. Mo sọ pé owú ni, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ní irúgbìn gbúre lọ́wọ́. Òun lẹ tú u fún."

Wọ́n ní, "O ò bi mí ní ohun tí mo fẹ́. O ra òdòdó wá."

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń já mi láyà láti ọjọ́ yìí, pé ṣé wọ́n máa padà sílé ni. Wọ́n da irúgbìn tó kù sórí àwo, wọ́n wá wò mí lójú.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ wá mú mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo ní mo ti ní oko lọ́dọ̀ àbúrò rẹ. Oko ọ̀hún lò ń fà tu. Ká ní mo fẹ́ lọ ni, ǹ bá jẹ́ kí o fà á tán."